Lílọ sí Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti Ìkòròdú: Bí Ẹ Ṣe Máa Gùn Ún, Tẹ́ Ẹ sì Máa Sọ̀ Kalẹ̀ Láìfarapa

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni omi Olúmirìn wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ipele méje ni omi náà fi ń já wálẹ̀ láti orí òkè, nínú igbó tó ṣókùnkùn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, Akínlà, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí. Láti Ìkòròdú, nǹkan bíi 240 kìlómítà ni.

Ohun tó máa ń ba ìrìn yìí jẹ́ fún àwọn ará Èkó kì í ṣe ọ̀nà, kì í sì í ṣe gíga òkè. Aago ni. Mọ́tò á gbéra ní aago méje òwúrọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó débẹ̀, gbogbo èèyàn á wá máa sáré gun òkè kí owó tí wọ́n san má bàa ṣòfò. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ti ń gbọ̀n, omi mímu ti tán, ilẹ̀ sì ti fẹ́ máa ṣú nínú igbó. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ máa ń yẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ aago tẹ́ ẹ máa yí padà. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀ la mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé.

Ìkíní: Oṣù wo ló dáa?

Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni omi ń ṣàn níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bákan náà. Ní oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹsàn-án, omi pọ̀, ariwo rẹ̀ ń dún jìnnà, ó sì lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló kún ojú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ irú àsìkò yìí lẹ fẹ́ lọ, ẹ fi ọkàn sí i pé ipele àkọ́kọ́ tàbí ìkejì lẹ máa dé. Oṣù kìíní dé ìkẹta, ilẹ̀ gbẹ, gígùn rọrùn, ṣùgbọ́n omi á ti tín-ín-rín, ọyẹ́ á sì bo ojú òkè.

Èyí tó dáa jù lójú wa ni ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kọkànlá. Òjò ti ń lọ, omi ṣì wà dáadáa, ilẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún: 26 oṣù kejìlá, 1 oṣù kìíní, Mọ́ńdè Àjíǹde àti ọdún Iléyá. Ọ̀nà tó lọ sókè ṣe tóóró. Tí èrò tó ń gòkè bá pàdé èrò tó ń sọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tó sì máa yà sí lè má ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú.

Ìkejì: Ẹ múra ẹsẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì dán bàtà wò

Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, ilẹ̀ etí ọ̀sà ni gbogbo wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó ń rìn púpọ̀ lójoojúmọ́ níbẹ̀ lè rìn jìnnà lójú títì láìmí hẹlẹ, kí iwájú itan rẹ̀ máà tíì mọ ohun tó ń jẹ́ òkè. Iṣan iwájú itan yìí ló ń gbé gbogbo ara dúró nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tàbí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹwàá, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ má sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ gbé báàgì tó ní lítà omi mẹ́ta nínú sẹ́yìn. Ẹ fi ọjọ́ méjì tó ṣáájú ìrìn àjò sinmi.

Bàtà ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù, nítorí òun ló ń dá èèyàn padà jù. Kanfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó sì ní ìlà jíjìn lábẹ́, ló yẹ. Sìlípáàsì ò dáa. Bàtà aláwọ ò dáa. Bàtà bọ́ọ̀lù onírin tàbí onírọ́bà líle ń yọ̀ lórí òkúta tutù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ra òkìrìkà, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n bàtà tó ti pẹ́ nínú báálì lè dà bíi tuntun lójú nígbà tí àtè tó so ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ti gbó. Tó bá rin wákàtí kan nínú omi, ìsàlẹ̀ á ṣí kúrò, á máa lù pàá pàá lábẹ́ ẹsẹ̀ lórí àpáta.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ tẹ bàtà náà méjì láti àárín, ẹ wo ìlà tí ìsàlẹ̀ ti pàdé òkè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó là fẹ́ẹ́, tàbí tẹ́ ẹ fi èékánná tẹ fóòmù rẹ̀ tó ń dà wérewère, ẹ dá a padà. Èyí tó bá yege, ẹ rì í sínú bókẹ́ẹ̀tì omi mọ́jú. Lárọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ fi rìn káàkiri àdúgbò fún wákàtí kan bó ṣe tutù yẹn. Ibi tó bá ń ha yín lẹ́sẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ìsàlẹ̀ tó bá fẹ́ ṣí náà á ṣí nítòsí ilé. Ẹ tún gé èékánná ẹsẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú; èékánná tó gùn máa ń kọlu iwájú bàtà nígbà ìsọ̀kalẹ̀ títí á fi dúdú.

Aṣọ: ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn, ẹ̀wù alápá gígùn. Ẹ fi jíńsì sílẹ̀. Tó bá ti rin, ó ń wúwo, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, orúnkún ò sì lè gbé sókè dáadáa nínú rẹ̀.

Ìkẹta: Mọ́tò àti ọ̀nà

Ará Ìkòròdú ní àǹfààní kan tí ará Èkó yòókù ò ní. Ẹ gba Odòńgúnyàn, ẹ gba Ògíjó, ẹ já sí Ṣágámù, ibẹ̀ lẹ ti máa bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìyẹn ni pé Kárà, Mówé àti ìlú Ìràpadà (Redemption City) ti ìjọ Rìdíìmù ti wà lẹ́yìn yín, sún-kẹẹrẹ ibẹ̀ ò kàn yín. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún ni tírélà láàárín Ògíjó sí Ṣágámù. Láti Ìbàdàn, ẹ má wọ àárín ìlú. Ẹ dé Ìwó Road, kẹ́ ẹ yà sí ọ̀nà Ifẹ̀. Àṣéjíre, Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, lẹ́yìn náà ọ̀nà Àkúrẹ́ dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún ni tí ọ̀nà bá dára.

Ará Ẹ̀pẹ́ á gba Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà ó lè gba ọ̀nà Ìbàdàn, tàbí kó gba Ọrẹ̀, Oǹdó àti Àkúrẹ́ kó fi ọwọ́ kejì wọ Ẹ̀rìn. Ará Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la Èkó já. Kó má ṣe fi ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù gbéra, nítorí ìsìn òru tí ìjọ Rìdíìmù máa ń ṣe lójú ọ̀nà márosẹ̀ náà.

Ṣé èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò yẹ. Ẹ óò wakọ̀ lóru lọ, ẹ óò sì wakọ̀ lóru bọ̀, òru ọ̀nà yẹn kò sì dáa. Ẹ gbéra ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ sùn ní Iléṣà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kúrò ní ilé ìtura ní aago méje, kẹ́ ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà omi ṣáájú aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ yí padà ní mọ́kànlá ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbéra ní Ẹ̀rìn ní aago méjì, ẹ ó dé Ìkòròdú ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Owó ilé ìtura alẹ́ kan yẹn ló ń ra gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kejì fún yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣátà bọ́ọ̀sì oníjókòó mẹ́rìnlá, ẹ bá dírẹ́bà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: epo, oúnjẹ rẹ̀, ibi tó máa sùn, àti wákàtí tó máa fi dúró dè yín. Ẹ san ìdajì nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ìdajì nígbà tẹ́ ẹ bá padà délé. Ẹ wo táyà fúnra yín. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì róbótó kan: 2322 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2022. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ má wọ mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹ béèrè jáàkì àti táyà sípíà. Ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò èrò, á wọ ti Ìbàdàn ní gáréèjì Ìkòròdú, á bọ́ sílẹ̀ ní Ìwó Road, á wọ ti Iléṣà, á tún wọ ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kadà ló máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà omi.

Ìkẹrin: Ẹrù

Omi mímu, lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ píọ̀ wọ́tà mẹ́fà, nítorí 50 cl ló wà nínú ọ̀kan. Àmọ́ píọ̀ wọ́tà máa ń bẹ́ nínú báàgì tẹ́ ẹ bá fara gbún àpáta, á sì ba gbogbo ẹrù jẹ́. Ẹ dà á sínú ike oní-lítà kan àbọ̀ méjì. Ẹ má mu omi odò náà bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Abúlé àti oko wà lókè níbi tó ti ń bọ̀.

Oúnjẹ tí kò ní kan ni kẹ́ ẹ gbé. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà tí wọ́n sè ní ìdájí lè ti kan kí ọ̀sán tó pọ́n nínú báàgì tó gbóná. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti ṣúgà ni ọba oúnjẹ orí òkè: kóńgò gàrí kan á tó èèyàn mẹ́jọ mu, omi tẹ́ ẹ máa fi mu ún sì wà lára omi tẹ́ ẹ gbé, nítorí náà ẹ fi ìdajì lítà kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kọjá ní Ìkirè, ẹ ra dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi ata sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa. Ó ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, ó sì ń fún ara lágbára kíákíá.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí gbé rèé, tó sì yẹ kó wà:

Fèrè, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ariwo omi máa ń bo ohùn èèyàn mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà níwọ̀n ìṣísẹ̀ ogún sí yín lè pariwo kẹ́ ẹ má gbọ́. Fífun mẹ́ta léraléra, wàhálà ni. Fífun kan, ẹ dúró dè mí.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní-lítà mẹ́wàá, tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, pẹ̀lú okùn ọ̀rá tó gùn tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ óò rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

Tọ́ọ̀ṣì, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ọ̀sán lẹ fẹ́ lọ. Nínú oṣù kọkànlá, oòrùn ti ń wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà ààbọ̀ lágbègbè yẹn, igbó lábẹ́ òkè sì ń ṣókùnkùn ṣáájú ìta.

Báńdéèjì tó ń fà, bíi 10 cm ní fífẹ̀, pílásítà, oògùn ojú egbò, sẹ́lótéèpù fífẹ̀, iyọ̀ àti ṣúgà nínú ọ̀rá kékeré. Fóònù àti aṣọ gbígbẹ, ọ̀rá méjì-méjì, kẹ́ ẹ so ẹnu rẹ̀. Owó ní ọwọ́, nítorí ẹ̀rọ POS àti nẹ́tíwọ́kì kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkè. Kẹ́ ẹ sì ti gba máàpù ibẹ̀ sórí fóònù láti Iléṣà.

Ìkarùn-ún: Ní ẹnu ọ̀nà

Ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Àwọn ará Ẹ̀rìn ka omi yìí sí ohun ọ̀wọ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ béèrè ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú tó mọ òkè náà kó mú yín lọ, kẹ́ ẹ sì sọ iye tẹ́ ẹ máa fún un kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹni tó mọ ibẹ̀ mọ gbòǹgbò tó ti jẹrà àti ibi tí òjò àná ti gbẹ́. Ẹ bi í léèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò rọ̀ lókè lánàá? Báwo ni omi ṣe rí lónìí?" Tó bá ní ẹ má kọjá ipele kejì, ẹ má bá a jiyàn.

Tẹ́ ẹ bá ju mẹ́jọ lọ, ẹ pín ara yín sí méjì. Ẹni tó lọ́ra jù ló máa wà níwájú, òun ni ìrìn máa bá mu. Ẹni tó lágbára jù ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó ti mu ọtí kì í gòkè.

Ìkẹfà: Gígun

Láti ẹnu ọ̀nà dé ipele àkọ́kọ́ kò le. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀nà, ọmọdé àti àgbàlagbà ń dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì kọjá ibẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì rọlẹ̀, ibẹ̀ ti tó o.

Láti ìkíní sí ìkejì ni ọ̀nà ti yí ìwà padà. Ó ga ṣánṣán, ilẹ̀ pupa ni pẹ̀lú gbòǹgbò igi, ọwọ́ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀. Òfin mẹ́ta la fi ń gùn ún.

Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, gbọ́dọ̀ máa kan nǹkan nígbà gbogbo. Ẹ má ṣí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí, ẹ má di fóònù mọ́wọ́.

Ẹ fa gbòǹgbò wò kẹ́ ẹ tó gbára lé e. Ẹ dì í mú níbi tó ti sún mọ́ ilẹ̀, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá mì tàbí tó dún, òkú ni. Ẹ wo igi náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí pé òmíràn ní ẹ̀gún, ìjàlọ sì lè tò sórí òmíràn.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara yín, bíi mítà mẹ́ta. Òkúta tí ẹni iwájú bá tú, orí ẹni ẹ̀yìn ló ń bá. Tẹ́ ẹ bá tú òkúta, ẹ pariwo "Òkúta o!" lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ kékeré.

Òkúta òkè yìí kì í ṣe irú àpáta Olúmọ. Quartzite ni, òkúta líle tó ń là ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ sì ń mú. Níbi tí omi ti ń fọ́n sí i, ohun aláwọ̀ ewé kan máa ń hù sí i lára tó ń yọ̀ bí ewédú. Ibi dúdú tó ń dán ló ń yọ̀ jù. Ibi tó funfun, tí ara rẹ̀ ò dán, ni kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ lé, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe gìgísẹ̀ nìkan. Ẹ kúrú ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá ń nà ẹsẹ̀ jìnnà, ìwúwo ara rẹ̀ á ti kúrò lórí ẹsẹ̀ tó dúró kí èkejì tó rí ibi dì mú.

Ẹ mu omi díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, ẹ má dúró de òùngbẹ. Igbó yẹn tutù lára, ó sì lọ́rinrin, òógùn kì í gbẹ, ẹ ò sì ní mọ̀ pé omi ti ń kúrò lára yín títí orí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ipele kẹta lọ sókè, èrò ń dín kù, ọ̀nà sì ń di tẹ́ẹ́rẹ́ nínú igbó. Ní òkè pátápátá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Èkìtì lẹ ti wà. Ó lẹ́wà gidigidi. Ṣùgbọ́n tí aago bá lu mọ́kànlá ààbọ̀ tẹ́ ẹ sì wà ní ipele kẹta, ibẹ̀ lẹ ti máa yí padà. Ẹ yan ẹnì kan nínú yín tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í ṣe ẹni tó ń wù jù láti dé òkè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ labẹ gé.

Ìkeje: Omi gan-an

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì ló mọ omi í wẹ̀ láti kékeré, èyí sì lè tan èèyàn jẹ níbí. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ díẹ̀, ó sì ń gbé ara sókè. Omi tó ń já láti òkè kún fún afẹ́fẹ́. Ibi tó ti funfun tó ń hó yẹn, atẹ́gùn ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í gbé èèyàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ á máa fọwọ́ lu omi, síbẹ̀ á máa rì. Lábẹ́ ibi tí omi ti ń já, ó tún máa ń yí po, ó máa ń fa nǹkan padà sábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ jìnnà sí ibẹ̀.

Ẹ má bẹ́ sínú omi láti orí òkúta. Òjò kan lè kó òkúta àti ìtì igi wá sínú ibi tó jìn lánàá. Ẹ fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá ìbàdí. Ẹ má sì pẹ́ lábẹ́ omi tó ń já sórí, bó ti wù kó tu ara tó, nítorí pé igi àti òkúta ń bá omi bọ̀. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ létí odò, tí ìgbín kékeré wà nínú rẹ̀, ẹ fò ó. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara.

Tí ẹnì kan bá bọ́ sínú omi jíjìn, kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì sí i, kí ó kọjá orí rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa okùn náà kí kẹ́ẹ̀gì lè dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á, kí ó má bàa fa ẹ̀yin náà wọlé. Ẹ dán èyí wò lẹ́ẹ̀mejì nínú àgbàlá nílé. Ẹni tí kò jù ú rí máa ń gbàgbé láti di ìdí okùn mú.

Ewu tó tóbi jù ni omi tó ń kún lójijì. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè tẹ́ ẹ ò rí, kí oòrùn sì máa ràn lọ́dọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá ti dé etí omi, ẹ wá òkúta kékeré kan tí omi kàn án ní ìdí, kẹ́ ẹ máa wò ó. Tí omi bá bo orí rẹ̀, tàbí tí omi tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ yí padà, ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ kẹ́ ẹ kúrò. Ẹ má sáré tẹ̀ lé ojú omi lọ sísàlẹ̀; ẹ̀gbẹ́ lẹ máa gbà, kẹ́ ẹ gun ibi gíga. Tí omi bá ti la àárín yín àti ọ̀nà ilé, ẹ dúró. Òkè kúkúrú ni, omi tó yára kún tún máa ń yára fà. Omi tó bá ti kọjá orúnkún tó sì ń sáré, ẹ má là á kọjá.

Ìkẹjọ: Sísọ̀ kalẹ̀

Ẹ jẹun, ẹ mumi, ẹ sinmi ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún okùn bàtà dì, kó fún ju ti ìgòkè lọ, kí ẹsẹ̀ má bàa máa yọ́ síwájú. Lórí òkúta tutù, ìsọ̀kalẹ̀ kì í yá ju ìgòkè lọ, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ máa fi ìdajì àkókò débẹ̀.

Níbi tó ga ṣánṣán, ẹ kọjú sí òkè, ẹ kẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ bí ẹni ń sọ̀ àkàbà. Ojú máa ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti ṣe é, wọ́n á fẹ́ sọ̀ ọ́ níwájú níwájú. Àwọn ló ń fìdí jókòó sórí òkúta. Níbi tí kò ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ yà ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí báàgì má wúwo sẹ́yìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, gbogbo yín lẹ máa dúró.

Ìkẹsàn-án: Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ọrùn ẹsẹ̀ tó yẹ̀: tẹ́ ẹ bá ṣì ní ìrìn níwájú, ẹ má bọ́ bàtà, nítorí ẹsẹ̀ á wú, kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ fi báńdéèjì yí i ká lórí bàtà bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8, ẹ gé igi fún un kó fi ti ara, kí ẹnì kan sì gbé báàgì rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè tẹ ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ kà á sí egungun tó ṣẹ́. Ẹ gbé e.

Wèrèpè: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ máa ń gbẹ, tí irun rẹ̀ ń fò nínú atẹ́gùn. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ nù ún, nítorí ńṣe ni irun náà á wọlé sí i. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ tún lẹ òmíràn, títí irun á fi tán. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi omi tutù fọ̀ ọ́. Ẹ bọ́ aṣọ yẹn sínú ọ̀rá lọ́tọ̀.

Ejò: ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn so ó pinpin. Ẹ yọ òrùka àti aago kúrò lára, ẹ di igi mọ́ ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mì, ẹ gbé ẹni náà wálẹ̀ láìjẹ́ kó rìn tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ tààrà sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹ má wá ejò náà kiri láti pa á. Ìkìlọ̀ tó ń dènà rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ ihò òkúta tàbí abẹ́ ìtì igi tí ojú kò rí.

Ẹni tí òòyì ń kọ́, tí orí ń fọ́, tí iṣan ẹsẹ̀ ń fà: ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji. Lítà omi mímu kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú. Kí ó mu ún díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, ẹ rẹ aṣọ sínú omi odò, ẹ dà á sí i lára, kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122.

Ìkẹwàá: Kẹ́ ẹ tó padà wọ mọ́tò

Ẹ ka ara yín. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike àti egungun yín kúrò níbẹ̀. Ìgò tó bá fọ́ sínú omi ló máa gé ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ pààrọ̀ aṣọ tutù, ẹ jẹ oúnjẹ gbígbóná ní Ẹ̀rìn tàbí Iléṣà, kí dírẹ́bà náà sì jẹun. Ẹ bi í léèrè bóyá ó sùn nígbà tẹ́ ẹ wà lókè. Tí kò bá sùn, ẹ fún un ní wákàtí kan kó sùn. Tí aago mẹ́ta bá ti kọjá, ẹ tún sùn sí Iléṣà, kẹ́ ẹ gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Nílé, ẹ fọ bàtà kí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, ẹ yọ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú oòrùn gangan; oòrùn ló máa ń gbó àtè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ìwé náà lálẹ́.